Èékánná Aláró

Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà máa padà lọ sílé wọn, tí wọ́n ń ru ẹrù kọjá lójú títì tọmọtọmọ, ọdún náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò kàwé, mi ò mọ iye tí ọdún náà jẹ́ nínú ìwé. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́ ni kí o ṣírò rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo wa là, àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó jẹ́ ọmọ Gánà níbi iṣẹ́ Màmá sì di ẹrù wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní ó dàbọ̀, wọ́n lọ. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin wá di iṣẹ́ èèyàn méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ará ilé wa ò tilẹ̀ gbà títí dòní.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Métírọ̀nù ni gbogbo Adigbe ń pè wọ́n, nítorí àwọn ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aláboyún kan níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí Dókítà tó wá bẹ̀ wọ́n. Èmi ní tèmi, oko ni mo dàgbà sí, ní Wásinmi, lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìgbà tí ìyá mi kú ni wọ́n mú mi wá sí Abẹ́òkúta, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ ilé ìwé ti lọ. Màmá fi mí síbi iṣẹ́: mò ń gbá wọ́ọ̀dù, mò ń nu ilẹ̀, mò ń fọ aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sí. Bí mo ṣe wà lọ́dọ̀ wọn nílé ni mo wà lọ́dọ̀ wọn níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èèyàn, kó bá a gbé ibi méjèèjì.

Wọn ò ga. Aago wọn, àyà ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, ó dorí kodò, àwọn nìkan ló lè kà á. Wọn kì í jẹun ìta. Wọn kì í sì í fara mọ́ ẹjọ́ àgbọ́sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni mo ti kọ́ ìyẹn. Mo lọ sọ fún wọn pé obìnrin tó ń gbé yàrá kejì da omi wa nù. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Ojú tàbí etí?" Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Wọ́n ní ṣé mo rí i ni àbí mo gbọ́ ọ. Mo ní mo gbọ́ tí omi ń dà, mo sì ti lọ bú obìnrin náà. Wọ́n dìde, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ipa ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ló kún inú ẹrẹ̀ yíká ìkòkò omi. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Lọ bẹ obìnrin náà. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ tán, kí o wá bá ewúrẹ́ jà."

Lẹ́nu iṣẹ́ náà, bákan náà ni. Láago méjì ọ̀sán, tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn mìíràn lọ́wọ́, Màmá kì í gbà kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì máa ka ìwé fún ara wọn. Ẹni tó ń lọ á dúró lápá kan ibùsùn, ẹni tó ń bọ̀ á dúró lápá kejì, aláìsàn á wà láàárín, wọ́n á sì sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn náà létí òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kan wí fún wọn nígbà kan pé gbogbo rẹ̀ ló kúkú wà nínú ìwé. Màmá ní, "Ìwé kì í ní ibà. Ara èèyàn ló ń ní in."

Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ló wá jẹ́ àrà tiwọn. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá jà, Màmá kì í bi ọ́ léèrè ohun tí ẹnì kejì ṣe fún ọ. Ẹjọ́ ẹnì kejì rẹ ni wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ rò. Kí o rò ó dé ibi tí ẹnì kejì á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí lójú mi nìyẹn." Bí o kò bá tíì lè rò ó débẹ̀, o ò tíì ní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan sunkún níwájú wọn nítorí ìyẹn. Ó ní, "Màmá, mo wá fẹjọ́ sùn ni, ẹ sì fẹ́ sọ mí di lọ́yà ọ̀tá mi." Màmá nà án ní aṣọ ìnujú. Wọ́n ní, "Bí o bá gba ẹjọ́ rẹ̀ rò dáadáa, o lè má rí ti ara rẹ rò mọ́."

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ òkú. Màmá le. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, wọn kì í béèrè nǹkan mọ́, àṣẹ ló kù. "Ó parí" ni wọ́n á wí, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ tún ẹnu yà. Bàbá mi, ọmọ tí wọ́n bí, tó ti ń hu ewú nígbà náà, sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ kan ti ń mì lára àga wọn. Wọ́n ní àga àwọn ò mì, ó parí. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àga dà wọ́n sílẹ̀ níwájú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n wo gbogbo wa yíká. "Ta ló gbé ilẹ̀ síbí?" Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, àwa náà sì ń wo ara wa bí ẹni pé ọ̀kan nínú wa ló gbé e.

Sístà méjì ló wà lábẹ́ Màmá, àwọn ló ń darí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké. N óò máa pè wọ́n ní "ó" kí ìtàn má baà dàrú, kì í ṣe àfojúdi. Sístà Wúrà, Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, ìdí ìkòkò aró ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ, ní Kémta. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá. Sístà Ìbídùn, iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ṣe, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì gbé dàgbà. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, ó di ọjọ́ mìíràn kó tó tún bá ọ sọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé ọwọ́ aláró kì í mọ́. Aró á wọ èékánná lọ, ọṣẹ kò ní ràn án, àfi kí èékánná náà hù kúrò. Àwọn nọ́ọ̀sì sì rèé, èékánná ni wọ́n ń wò láti mọ̀ bí èémí kò bá dé ara èèyàn dáadáa. Wọ́n ní á dú bí aró.

Nínú ọyẹ́ yẹn, aboyún aláró kan wá bímọ. Sístà Ìbídùn wo ọwọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ó ní kí wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ wá, ó fi sí obìnrin náà nímú, ó rán èèyàn lọ pe Dókítà ní Ọ̀dẹ̀dá níbi tí wọ́n ti ń sìnkú àna rẹ̀. Dókítà wọlé tòun ti agbádá. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, ó wo ẹnu rẹ̀, ó pòṣé, ó padà sí Ọ̀dẹ̀dá. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń bi wá pé ṣé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bímọ níbí ni wọ́n ń dí nímú. Sístà Wúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Sístà, ó kù díẹ̀ kí ẹ fi afẹ́fẹ́ sí ìkòkò aró nímú." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, Sístà Ìbídùn kò bá Sístà Wúrà sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá di aago méjì, wọ́n á dúró lápá ọ̀tún àti apá òsì ibùsùn bí Màmá ṣe wí, ṣùgbọ́n èmi tí mo di ìgbálẹ̀ mú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé ti ibùsùn kẹta kò tíì tọ̀." Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún, ọwọ́ mi tó o. Òun náà á ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Màmá. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọ Gánà ti lọ, Màmá fúnra wọn ló ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọ́n pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì. Mò ń nu gíláàsì fèrèsé níbẹ̀. Mò ń retí pé wọ́n á ní kí ẹnì kan ro ẹjọ́ ẹnì kejì. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni ro nǹkan kan. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má kọ èékánná aláró sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí rẹ̀ pe Dókítà. Aró ni. Ó parí." Inú mi dùn, nítorí ó ti sú mi láti máa jẹ́ iṣẹ́ láàárín àgbà méjì.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Rísíkátù wá bímọ. Aláró Ìtòkú ni, ìyàwó Alhaji kan tó ń ta aṣọ, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló bímọ, ọkùnrin, ó sì yára. Ọwọ́ Sístà Ìbídùn ló bí i sí. Láago méjì, Sístà Wúrà gba iṣẹ́. Wọ́n dúró sápá méjèèjì ibùsùn Rísíkátù. Èmi wà níbẹ̀. Sístà Ìbídùn wo ọwọ́ obìnrin náà, ó wò ó pẹ́, ó lanu, ó tún pa á dé. Ó ní, "Sọ fún un pé ó bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀." Ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Rísíkátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí ojú sí Sístà Wúrà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe ọmọ mi lọ́wọ́?"

Sístà Wúrà fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá, kí ló ṣe ọwọ́ tiyín náà? Aró ni."

Obìnrin náà ní, "Ọmọ mi ò fọwọ́ kan aró láti ìgbà tí oyún ti wọ oṣù kẹrin. Èmi ni mo ní kó má bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò mọ́."

Sístà Wúrà tẹ orí ba. Ó fi àtàǹpàkò yí ètè Rísíkátù sílẹ̀. Bí èékánná rẹ̀ ṣe rí ni inú ètè rẹ̀ rí. Sístà tí mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá yìí, mi ò rí ẹni tó sáré lọ pe Dókítà bẹ́ẹ̀ rí.

Rísíkátù ò kú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, pé bó bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i, ọmọ náà ì bá di aláìníyàá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji wá. Kò pariwo. Ó jókòó níwájú Dókítà, ó ní òun ò wá jà, orúkọ ẹnì kan ni òun fẹ́. Dókítà pe Màmá. Ó ní kí wọ́n wádìí, kí wọ́n kọ orúkọ kan sínú ìwé fún òun kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, pé ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ á lọ sílé, òun á sì kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì ní Èkó kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kò ní ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ láyé. Gbogbo ilé ìwòsàn ti mọ orúkọ tó máa jẹ́. Ọwọ́ Sístà Wúrà ni nǹkan wà nígbà tó bàjẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló ní, ọkọ rẹ̀ kò ní iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò jẹun. Mo máa ń bá abọ́ rẹ̀ bó ṣe gbé e wá látilé.

Lọ́jọ́rú, Màmá pe àwọn méjèèjì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n fi èmi sínú ọ́fíìsì náà kí n máa gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá kan ìlẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Sístà Ìbídùn ló kọ́kọ́ ro ẹjọ́ Sístà Wúrà. Ó ní Sístà Wúrà bá obìnrin kan lórí ibùsùn tí wọ́n ní ara rẹ̀ le, aláró sì ni, kò sí ohun tí ì bá mú un fura. Sístà Wúrà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kan òun náà. Ó ní Sístà Ìbídùn rí èékánná náà láago méjì, ó sì fẹ́ sọ ọ́. Sístà Ìbídùn bú sẹ́kún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá ní, "O rí i. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

Sístà Ìbídùn wo ilẹ̀. Màmá yíjú sí Sístà Wúrà. "Ìwọ náà rí i. Kí ló dé tí o kò yẹ̀ ẹ́ wò?" Òun náà wo ilẹ̀. Wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn obìnrin méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ẹnu wọn ti kò: wọn ò ní là á mọ́ àgbà lójú. Màmá ní ó dáa, bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn á kọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a wà nílé. Màmá tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n wọ awò ojú wọn. Mo gbé omi wá fún wọn mu, mo sì dúró. Wọ́n ní kí ni mò ń dúró ṣe. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má kọ Sístà Wúrà. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó dé. Ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè wọn: "Ojú tàbí etí?"

Mo ní, "Kì í ṣe ojú, kì í ṣe etí, Màmá. Ẹnu yín ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má kọ èékánná aláró mọ́. Mò ń nu fèrèsé lọ́jọ́ náà."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí n jáde. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn mú kúrò lóko ló ń tọ́ka sí àwọn yìí. Mo jáde, mo jókòó sí àtẹ̀gùn. Bàbá mi bá mi níbẹ̀, ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ní orí mi ò pé. Màmá ò jáde jẹun. Nígbà tí mo yọjú wo inú yàrá, ìwé ṣì wà níwájú wọn, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alhaji dé pẹ̀lú ìyá Rísíkátù. Màmá mú ìwé wọn jáde. Wọ́n kà á ní dídúró. Wọ́n ní ní ìgbà ọyẹ́, àwọn pa àṣẹ kan láìwádìí, nítorí ó ti rẹ àwọn, àwọn sì fẹ́ kí ariwo dẹ̀. Wọ́n ní àṣẹ náà ló dí Sístà Ìbídùn lẹ́nu, òun náà ló dí Sístà Wúrà lójú. Wọ́n wá dárúkọ ara wọn, orúkọ àbísọ, orúkọ bàbá, gbogbo rẹ̀.

Dókítà ní, "Métírọ̀nù, ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Màmá ní, "Ọ̀rọ̀ mi wà lẹ́nu iṣẹ́."

Alhaji ní òun béèrè orúkọ lóòótọ́, òun ò mọ̀ pé orúkọ irú àgbà yìí ni òun máa gbà. Ìyá Rísíkátù ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi ọmọ ọlọ́mọ dí i."

Màmá kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn sórí tábìlì, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ò bẹ̀ wọ́n púpọ̀, kí n sọ bó ṣe rí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì pé. Wọ́n ní, "Mo ní kí ẹ má kọ ọ́. Mo ṣì í sọ. Ẹ máa kọ ọ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá aró ni, ẹ wo ibi tí aró kì í dé, ẹ wo inú ètè, ẹ wo ahọ́n. Kí ẹ sì bi obìnrin náà ní ọjọ́ tó rẹ aṣọ kẹ́yìn." Sístà Wúrà fẹ́ dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò jẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Àwọn Sístà méjèèjì ò di ọ̀rẹ́, má rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn, ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ mọ́.

Nílé, ó yàtọ̀. Bàbá mi ní èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n ba orúkọ ìyá òun jẹ́. Àwọn ẹbí ń wá, wọ́n ń wò mí láti òkè délẹ̀. Màmá ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mò ń gbé omi ìwẹ̀ wọn síbi tí mo ń gbé e sí, mò ń gbé oúnjẹ wọn, mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọn ò dáhùn. Mo ti di ẹrù mi, mo fẹ́ padà sí Wásinmi. Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n yọjú sí mi nídìí iná. Wọ́n ní, "Ṣé omi náà ti gbóná?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sunkún sídìí iná náà títí omi fi hó dànù.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kú. Wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Wọn ò bú mi rí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wá bá wọn fún ìmọ̀ràn, wọ́n á dá mi dúró níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á wo ojú mi kí ẹni náà tó dìde.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi dàgbà, tí èmi náà wá ń pàṣẹ nínú ilé, mo pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ìwọ yìí. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé ṣé mo kábàámọ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Mo ní, "Ọjọ́ ń bọ̀ tí èmi náà á ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí n kò ní mọ̀. Kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, mo lè lé yín jáde pàápàá. Ẹ ṣáà sọ ọ́, kí ẹ sì má lọ jìnnà."